Bàtà Tí Ìyàwó Mi Ń Wọ̀ Rìn Nínú Ilé

Tí ẹ bá pàdé ìyàwó ọmọ mi lójú títì, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kò kọjá èjìká mi, bẹ́ẹ̀ èmi alára kì í ṣe òpó. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán kí ọmọ mi tó fẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá yí inú aṣọ tó rán síta, ẹ ò ní mọ èwo ni ojú, ẹ ò ní mọ èwo ni ẹ̀yìn. Ẹnu rẹ̀ náà mú. Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ mú un wá kí mi, mo bi í bóyá ó mọ ilé tọ́jú. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n tọ́jú, Màmá, àfi kí ẹ má yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ni mò ń pè é.

Ilé-iṣẹ́ omi ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àwọn abúlé wà káàkiri orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, mọ́tò kò sì lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà ewúrẹ́ ni, òkúta lókè, òkúta nílẹ̀, gbòǹgbò igi á sì na ọwọ́ sójú ọ̀nà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Alùpùpù gíga kan tí táyà rẹ̀ ní eyín bí ayùn ni wọ́n fi ń gun òkè náà. Ọmọ mi á lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, á fi gírísì sí èyí, á pààrọ̀ awọ tó gbó lára ìyẹn, á sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣe é, mo gbàdúrà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi pé kó má ṣubú. Kò sì ṣubú. Orí bẹ́ẹ̀dì, nínú ilé mi, ni àìsàn inú ti pa á. Àwọn àgbà ní ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, áńbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ọmọ mi ò yọ́ rìn, kò sì gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni.

Àwọn tó wá kí wa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mò ń wo ẹnu wọn. Bàbá rẹ̀ ti lọ ṣáájú, òun nìkan ni mo bí, kò sì tíì bímọ. Èwo wá ni agbè? Ìyàwó tó jókòó tì mí ló dì mí lọ́wọ́ mú.

Mo rò pé yóò padà sílé àwọn òbí rẹ̀. Ọmọdé ni, ojú rẹ̀ ṣì ń dán, kò sì sí nǹkan kan tó so ó mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kò lọ. Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé tíì wá fún mi, ó jókòó sí etí àga.

"Màmá, mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá wọn, kí wọ́n fi mí sípò ọkọ mi."

"Ipò wo? Kí o máa kọ̀wé fún wọn?"

"Rárá o. Ti orí òkè."

Mo gbé ife tíì sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Mi ò fẹ́ kí ebi pa wá ni. Ilé-ìwé wo ló tún ń gbé aṣọ fún aránṣọ? Wọ́n ti ń rà á ní rírán. Abẹ́rẹ́ mi ti ń dípẹtà, Màmá. Ọkọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Mo mọ̀ ọ́n gùn."

Òótọ́ ni pé ó kọ́ ọ. Mo ti rí wọn lórí pápá, tí ọ̀kan ń pariwo, tí èkejì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ọ̀gá náà kò lé e jáde. Ó wo bàtà kánfáàsì tó wọ̀ lọ, ó ní, "Ìyàwó wa, mo gbọ́. Kí òjò tó dé, o máa wá gun òkè tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yìí lójú mi, o máa sọ̀kalẹ̀. Bí o bá ṣe é, iṣẹ́ di tìẹ. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn ò ní bá ọ débẹ̀. Lọ wá búùtù tó tọ́. Ẹni tí kò bá ní búùtù, n kì í jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé alùpùpù mi." Búùtù ọkọ rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú alùpùpù, bí kò bá tiẹ̀ padà, ẹsẹ̀ Ìyàwó méjèèjì ni ìbá gba inú ẹyọ kan.

Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn. Mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣé mo mọ nǹkan kan nípa búùtù ni? N kò mọ̀. Mo kàn rò pé bí mo bá wà níbẹ̀, ojú á máa ti ewu díẹ̀.

Róbà àti awọ tuntun ló ń rùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàtà náà ti fi alùpùpù sáré ìdíje nígbà èwe rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan kì í tẹ̀ mọ́, bó bá ń rìn, ńṣe ló ń gbé ẹsẹ̀ náà yípo bí ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń wo akoto. Ọ̀kan nínú wọn rí wa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ má bínú o, kí ni apárí ń wá ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀?"

Ìyàwó dá a lóhùn kí n tó lanu. "Irun tí ẹ gé dànù ni a wá ṣà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yẹra fún wa.

Oníbàtà gbé oríṣi mẹ́ta sórí tábìlì. Èyí àkọ́kọ́ le bí pákó, ó dé abẹ́ orúnkún. "Ti àwọn tó ń sáré ni. Òkúta lè já lù ú, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́. Àmọ́ o ò lè fi rìn."

"Èmi á máa sọ̀ kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí ẹ̀rọ."

"Kì í ṣe tìẹ nìyẹn." Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èyí rọ̀. Wàá fi rìn dọ́la. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí alùpùpù bá wó lé ọ, ojúgun rẹ á jẹ́rìí sí i." Ó wá gbé ẹ̀kẹta. Róbà líle bo ojúgun rẹ̀, irin wà níbi ọmọ ìka, ìdè onírin sì tò láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó gbìyànjú àtiyí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yí. "Ṣé o rí i? Ẹ̀gbẹ́ ni kókósẹ̀ ti ń kán."

Bí mo ṣe gbọ́ kán, mo wá àga, mo jókòó.

Ó fún Ìyàwó ní ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ó ní kó wọ bàtà náà, kó gun alùpùpù kan tí wọ́n gbé dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, kó má jókòó, kó dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè. Ó dúró. Ojú rẹ̀ le.

"Ó dì mí mú jù. Ẹ fún mi ní èyí tó tóbi díẹ̀ sí i."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ọ̀gá, aránṣọ ni mí. A kì í gé aṣọ kó ṣe géé. A máa ń fi ààyè sí i, kí ara lè rí ibi yí sí. Aṣọ tó bá ṣe géé lónìí, lọ́la á fàya."

"Aṣọ kì í tẹ jíà," ni oníbàtà wí.

Àwọn ọkùnrin tún rẹ́rìn-ín. Bóyá tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, Ìyàwó ì bá gbọ́. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní èyí tó tóbi lòun fẹ́. Oníbàtà wò mí, pé kí n dá sí i. Kí ni kí n sọ? Gbogbo aṣọ ọmọ tó ti rán ló fi ààyè sí létí, tí àwọn ìyá wọn ń yìn ín pé ọmọ àwọn fi wọ kíláàsì tuntun. Ọgbọ́n tó fi jẹun ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o. Orí ń wọ́ lójú mi, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ fún un ní ohun tó bá fẹ́."

Mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ mi ló yá a ní alùpùpù, kó fi máa ṣe ìdánrawò lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Òun náà ló gbé e wálé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣubú. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ kan tọ, ó di èjìká mẹkáníìkì mú, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Kí ló ṣe é?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni mẹkáníìkì sọ. "Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ rẹ jíà sílẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀, bàtà ò tẹ̀ lé e. Kó tó tún un tẹ̀, alùpùpù ti sá lọ mọ́ ọn lábẹ́, ó wó lé e. Ojúgun rẹ̀ ò ní nǹkan kan, bàtà gbà á sílẹ̀. Kókósẹ̀ ló yí, inú bàtà níbẹ̀ náà ló ti yí." Ó fi orí bàtà hàn mí, níbi tí òkúta ti ha á. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé inú bàtà yìí bí ayálégbé tí kò tíì kó ẹrù dé."

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?" Ìyàwó bi í.

"Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Kókósẹ̀ náà wú bí ẹni fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Dókítà ní kò kán, iṣan ló fà, kó má gbé e tẹlẹ̀ títí yóò fi san. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi omi gbígbóná àti aṣọ jó o, ó ń di etí àga mú, kì í ké. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pàápàá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò lè rán nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń wo fèrèsé. Ó ń wo òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi bàjẹ́ fún ẹsẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ara mi balẹ̀. Mo ń sùn. Mo rò pé Ọlọ́run ti fi ibi kékeré gba ńlá. Nígbà tí wíwú náà sì ń lọ, tí mo rí i tó ń gbé ẹsẹ̀ náà yípo díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tó rò pé n kò rí òun, oorun mi tún fò lọ.

Mo ní, "Ìyàwó, ṣé o ṣì ń ronú nípa òkè yẹn?"

Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ ní kí n má lọ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, n ò ní lọ. Ẹ sáà sọ ọ́."

Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ó gbé e sí mi lọ́wọ́ báyìí. Mo mọ̀ pé yóò gbọ́ tèmi. Yóò jókòó tì mí nínú yàrá yìí, ojú rẹ̀ á máa wọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, títí di ọjọ́ kan tí yóò di ẹrù rẹ̀, tí yóò kúnlẹ̀ dágbére fún mi, n kò sì ní lè bínú. Bí mo bá ní kó lọ, òkúta ń dúró dè é. Mo ní, "Omi ti ń hó lórí iná." Kò sí omi kankan lórí iná.

Nígbà tó lè tẹ ẹsẹ̀ náà dáadáa, a padà sọ́dọ̀ oníbàtà. Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó gba ti àkọ́kọ́ padà, ó ní òun á wá ẹlẹ́sẹ̀ ńlá fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó dáa, ó wọ èyí tó bá ẹsẹ̀ mu fún Ìyàwó, ó ń di ìdè rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Kó dì ọ́ mú bí ìyá ṣe ń di ọmọ rẹ̀ mú tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. Ṣé gìgísẹ̀ rẹ ń gbéra?"

"Kò gbéra. Ó ń ro mí."

"Á máa ro ọ́. Kò tíì mọ̀ ọ́ ni. Má wọ̀ ọ́ gòkè báyìí o. Wọ̀ ọ́ nínú ilé. Fi gbálẹ̀, fi dáná, fi jókòó jẹun, títí á fi rọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń tẹ̀. Bàtà tí kò bá tíì kọ́ ẹsẹ̀ nílé, orí òkè ló máa ti kọ́ ọ."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà ní yàrá mi, mò ń ká aṣọ. Mo gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbì. Gbì. Irin kékeré kan sì ń dún láàárín wọn, bí ẹni ń mi kọ́kọ́rọ́. Ó wúwo, kò kánjú, ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ilé ìdáná.

Bí ọmọ mi ṣe máa ń wọlé láti ibi iṣẹ́ nìyẹn. Kì í bọ́ bàtà yẹn títí á fi mu omi tán, mo sì máa ń jà á lójoojúmọ́ nítorí ilẹ̀ mi. Ara mi dìde kí n tó mọ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti lanu tán, ó ku díẹ̀ kí n sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ bàtà yẹn sẹ́nu ọ̀nà." Mo di ẹnu mi mú. Mo jókòó padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ojoojúmọ́ ló ń rìn báyìí. Ó ń gbálẹ̀, gbì. Ó ń fọ abọ́, gbì, ó yí padà. Mi ò lè ní kó bọ́ ọ. Bí mo bá sọ ọ́, á bọ́ ọ kí n tó sọ̀rọ̀ tán, á sì gbé bàtà tí kò rọ̀ gun òkè nítorí omijé ìyá ọkọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ òkú mi, n kò lè ké, nítorí ẹsẹ̀ alààyè.

Ọjọ́ kan ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Màmá, ṣé ariwo rẹ̀ ò pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀."

"Ojú yín pọ́n."

"Eruku ni."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ibẹ̀ tán ni, Màmá."

A wo ara wa. Ó wo bàtà náà, ó tún wò mí, mo sì rí i pé òun náà ti ń gbọ́ ọ, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò bọ́ ọ. Ó ń gbálẹ̀ lọ. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó yá, bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó bọ́ bàtà, tó fi ẹsẹ̀ lásán rìn, mo máa ń fetí sílẹ̀. Ilé á wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ ìdánwò, mo bá a lọ. Wọ́n gbé àga gbọọrọ kan fún mi sábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì, mẹkáníìkì jókòó tì mí. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde wá wòran. Ọ̀gá tẹ bàtà Ìyàwó wò níbi kókósẹ̀, ó mì í, ó ní, "Èyí dáa." Òkè náà kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹnì kan da òkúta sí i látòkè tó sì gbàgbé àtikó o.

Ìyàwó dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀, ó gùn ún. Kò yára. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké, tó ń sọ ohùn sílẹ̀, tó tún ń ké.

"Ó ń rí jíà rẹ̀," ni mẹkáníìkì sọ. "Ẹ fetí sí i, Màmá. Ó ń rí i."

Ó dé orí rẹ̀. Ó yí padà. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ìdí alùpùpù gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì já sílẹ̀, ó gbá òkúta, mo gbọ́ ọ títí dé abẹ́ igi. Mo di etí àga mú. Mo ń gbàdúrà, kò sì yé mi ohun tí mò ń tọrọ. Mo fẹ́ kó dúró. Mo fẹ́ kó ṣubú jẹ́jẹ́, kó má fara pa, kí ọ̀gá mi orí, kí a máa lọ sílé. Èwo ni Ọlọ́run máa gbọ́ nínú méjì tó jáde lẹ́nu kan náà?

Kókósẹ̀ náà ò yí. Ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ìtẹsẹ̀, ó tẹ jíà, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé iwájú wa.

Ọ̀gá ní, "Ọjọ́ Ajé ni kí o bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn lo máa kọ́kọ́ lọ bá, àwọn ará ibẹ̀ ti ń pariwo omi."

Ariwo sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yí mi ká, "Màmá, ẹ kú oríire o. Màmá, ẹ kú oríire." Mo ní a dúpẹ́. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó bọ́ akoto, ó tọ̀ mí wá. Eruku bò ó lójú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. "Ẹ rí mi, Màmá?"

"Mo rí ọ."

Ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ òsì sí mi. Ìdè kan ti tú níbi tí òkúta ti gbá a. Ó gbìyànjú láti dì í, irin náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi dì í. Wọ́n ní kí n gun alùpùpù lọ síbi tí wọ́n ń gbé e sí."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan mi. Mo fà á, mo dì í. Ó ní ó ti tó. Mo tún fà á díẹ̀ sí i.